Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ibo ni kí n mú bàbá mi lọ jẹ sítéèkì?

Ọmọ Kúùkù:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn odi, ẹ kú àjò. Bàbá mi máa pé ẹni ọdún 75 lóṣù tó ń bọ̀. Wọn ò fẹ́ ká gba gbọ̀ngàn ayẹyẹ, wọ́n ní aṣọ ẹbí tí àwọn ti rà láyé àwọn ti tó bo òrùlé. Èmi àtàwọn àbúrò mi méjì ti dá ₦250,000 jọ.

Láti 1972 títí di 1983, kúùkù ni bàbá mi nílé òyìnbó míṣọ́n kan nínú ọgbà ilé ìwòsàn Bàtíìsì wa níbí, kó tó di pé wọ́n ń pè é ní Bowen. Alaalẹ́ Sátidé ni wọ́n ń dín sítéèkì, ìyẹn ègé ẹran màlúù tó nípọn tí àwọn òyìnbó máa ń jẹ. Títí dòní, tí wọ́n bá ń ròyìn ẹ̀, ọwọ́ wọn á máa lọ bí ẹni tó di páànù mú. Òyìnbó yẹn ṣe dáadáa fún wa, òun ló san owó ilé ìwé ẹ̀gbọ́n mi tó dolóògbé. Àmọ́ ìdí iná ni bàbá mi ti ń tọ́ ẹran yẹn wò. Kò sí ọjọ́ tí wọ́n jókòó sídìí tábìlì kí ẹlòmíì gbé e wá síwájú wọn.

Ẹ̀bùn tí mo fẹ́ fún wọn nìyẹn. Mi ò mọ ibì kankan nílùú yìí tí wọ́n ti ń ṣe é. Ṣé Ìlọrin ni àbí Ìbàdàn? Àwa mẹ́rin la máa lọ, ìyá mi náà á wà níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kẹ́nikẹ́ni má sọ pé kí n lọ ra súyà ní Sábó. Mo mọ̀ yín.

Ọmọ Tákíè:
Súyà Sábó ńkọ́? 😂

Ìyá Ìbejì Alásè:
Bùrọ̀dá, ẹ kú ìtọ́jú bàbá. Èmi ò rí ìdí tẹ́ ẹ fi máa wọ mọ́tò. Ẹ pe ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe wá sílé, ẹ tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì, ẹ gbé bàbá sí orí àga. Owó yẹn á tó, á tún ṣẹ́ kù.

Ọmọ Kúùkù:
Àǹtí mi, ẹ ṣeun. Ẹ ò mọ bàbá mi ni. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó àbúrò mi, agbádá ni wọ́n wọ̀ tí wọ́n fi dúró ti àwọn alásè lẹ́yìn, tí wọ́n ń bá wọn wí lórí àlùbọ́sà. Tí òórùn bọ́tà bá ti jáde láti kíṣìnnì wa báyìí, wọ́n ti dìde nìyẹn.

Ìyá Ìbejì Alásè:
Ah! Ẹ gbé wọn kúrò nílùú o. Mo rántí àwọn bàbá bẹ́ẹ̀, wọ́n ti lé mi nídìí ìkòkò rí.

Alápatà Ọmọ Alápatà:
Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń pa á tà, torí ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ẹran ńlá tí wọ́n kàn dín ni sítéèkì.

Màlúù tiwa yìí, ẹsẹ̀ ló fi ń wá koríko kiri. Ẹran tó bá rìn jìnnà, iṣan ẹ̀ á le. A tún máa ń pa á ní ìdájí, kí oòrùn sì tó kanrí, ó ti wà nínú ìkòkò. Ìyẹn ò ṣe ọbẹ̀ ní nǹkan kan, ọbẹ̀ á sè é títí tí á fi gbà. Sítéèkì ò ní irú àsìkò bẹ́ẹ̀, ìṣẹ́jú díẹ̀ ló ń lò lórí iná. Torí ẹ̀ ni àwọn tó mọ iṣẹ́ náà fi ń tọ́jú ẹran sínú òtútù fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin, níbi tí ò tutù débi tó máa dì, bíi 1 sí 4°C, kó lè fúnra ẹ̀ rọ̀. Ẹ wá fi iná tiwa yìí wò ó. Ẹni tó bá sọ pé òun ń ṣe é, ẹ bi í pé jẹnẹrétọ̀ ẹ̀ ńkọ́.

Èyí tó rọ̀ jù lára màlúù ni ẹran tó lẹ̀ mọ́ abẹ́ egungun ẹ̀yìn nínú lọ́hùn-ún, tí wọ́n ń pè ní fillet. Kì í ṣiṣẹ́ kankan, ẹ̀dá ọ̀lẹ ni, ìdí tó fi rọ̀ nìyẹn. Díẹ̀ ló ń wà lára màlúù kan, torí náà ó wọ́n. Ribeye wá láti ìhà, ó lọ́ràá, lẹ́nu tèmi ó dùn ju fillet lọ, àmọ́ ó gba eyín. T-bone ní egungun láàárín, fillet wà lápá kan, sirloin, ìyẹn ẹran òkè ẹ̀yìn, wà lápá kejì. Ṣé eyín bàbá ṣì pé?

Ẹ pe ilé oúnjẹ náà kẹ́ ẹ tó lọ. Ẹ bi wọ́n pé apá ibo lára màlúù ni. Tí wọ́n bá ní "ẹran ni o, sà," ẹ pa fóònù yín. Tí wọ́n bá sì ń fi yín yangàn pé láti Amẹ́ríkà ni ẹran àwọn ti wá, ẹ bi wọ́n bó ṣe gba iwájú kọ́sítọ́ọ̀mù kọjá, torí ẹran màlúù wà lára ohun tí ìjọba ní ká má kó wọ̀lú.

Ọmọ Kúùkù:
Ẹ kú iṣẹ́, bàbá alápatà. Eyín wọn ò pé. Apá ọ̀tún nìkan ni wọ́n fi ń jẹ ẹran báyìí.

Nọ́ọ̀sì Aráàdá:
Fillet nìyẹn, kò sí àríyànjiyàn.

Bí ẹran náà ṣe máa jinná sí lèmi fẹ́ sọ. Omi pupa tẹ́ ẹ máa ń rí nínú ẹran tí wọn ò dín jinná yẹn kì í ṣe ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ti ṣàn lọ níbi tí wọ́n ti dúńbú ẹ̀. Omi ara ẹran ni, èròjà kan tó ń jẹ́ myoglobin ló pọ́n ọn. Síbẹ̀ ẹ má jẹ́ kí bàbá ẹni ọdún 75 jẹ ẹ́ ní tútù. Ikọ́ ife ń ṣe màlúù lórílẹ̀-èdè wa, aràn náà ń bẹ. Ìlànà tí ìjọba Amẹ́ríkà fún àwọn ará ìlú wọn ni pé kí inú odindi ègé ẹran dé 63°C, kí wọ́n sì fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta kí wọ́n tó gé e. Tó bá jẹ́ bàbá tèmi ni, màá ní kó dé 70. Fillet á ṣì rọ̀. Tí wọ́n bá ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ sọ fún wọn níbẹ̀ kí wọ́n ṣọ́ iyọ̀.

Ará Ìlọrin:
Ẹ máa bọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ìlọrin fi díẹ̀ lé ní 50 kìlómítà sí yín. Àwọn òtẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe oúnjẹ òyìnbó wà ní GRA, ibẹ̀ ò sì láriwo. Tí mùsùlùmí bá wà láàárín yín, ẹ bèèrè ohun tí wọ́n fi ṣe ọbẹ̀ orí ẹran náà, torí àwọn kan máa ń da wáìnì sí i.

Ọmọ Bódìjà:
Ìlọrin kẹ̀? Ìbàdàn lẹ ti máa rí ibi tẹ́ ẹ máa ṣà nínú ẹ̀: Bódìjà, Ring Road, Jẹ́ríkọ̀. Kokodome tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Cocoa House ní Dùgbẹ̀, ẹ pè wọ́n kẹ́ ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n ní. Bàbá á kàn wo ilé kòkó yẹn, wọ́n á rántí ìgbà èwe wọn. 1965 ni wọ́n parí ẹ̀, bàbá ṣì wà lọ́mọdé nígbà náà.

Ọmọ Apákẹ́:
Ká wá gba ọ̀nà Ọ̀yọ́ padà lálẹ́ pẹ̀lú bàbá àti ìyá àgbà nínú mọ́tò? Rárá o. Ibi yòówù kẹ́ ẹ lọ, ẹ sọ ọ́ di oúnjẹ ọ̀sán. Kílẹ̀ tó ṣú, kí kálukú ti wà nílé ẹ̀.

Ohun kan ṣẹlẹ̀ sí mi lọ́dún kan. Mo san àsansílẹ̀ níbì kan tí mi ò ní dárúkọ, fún ọjọ́ìbí ìyàwó mi. Nígbà tá a débẹ̀, wọ́n ní ẹni tó ń ṣe sítéèkì kì í wá lọ́jọ́ Àìkú. Ìrẹsì ni wọ́n bù fún wa. Ẹ rí i pé wọ́n kọ ọjọ́, aago àti irú ẹran náà sínú rìsíìtì, kẹ́ ẹ sì tún pè wọ́n láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Ìyá Ìbejì Alásè:
Owó! Mo fẹ́ẹ̀ gbàgbé. Ẹ má jẹ́ kí bàbá rí ìwé tí wọ́n kọ iye oúnjẹ sí. Bí wọ́n bá rí i báyìí, "Ẹ gbé e padà, mo ti yó" ni wọ́n máa sọ. Mo ti rí i kó ṣẹlẹ̀, ẹ̀bà ni bàbá yẹn padà jẹ nílé lálẹ́. Ẹ sanwó sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì ní kí wọ́n má gbé ìwé kankan wá sídìí tábìlì. Ẹ tún bi wọ́n bóyá 7.5% owó orí ọjà wà nínú iye tí wọ́n pè, àbí ó ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn.

Kí ìyá sì gbé láfún díẹ̀ dání nínú kúlà. Ọmọ ajílété kì í fi ẹran nìkan sùn. 😀

Ọmọ Kúùkù:
Gbogbo yín, ẹ ṣé gan-an. Mo ti pe ibi mẹ́rin. Méjì ní "ẹran ni, sà," mo pa fóònù mi bí bàbá alápatà ṣe wí. Ìkẹta ní ọjọ́ Ẹtì nìkan ni àwọn ń ṣe é. Ìkẹrin, ní Ìlọrin, ọmọbìnrin tó gbé fóònù dárúkọ fillet kí n tó bi í, ó tún bi mí bí mo ṣe fẹ́ kó jinná sí. Sátidé ni, aago kan ààbọ̀ ọ̀sán. Mo ti sanwó, rìsíìtì wà lọ́wọ́ mi.

Lánàá ni mo fi eré bi bàbá mi bí òyìnbó yẹn ṣe máa ń fẹ́ ẹran tiẹ̀. Wọ́n ní pupa láàárín. Ìyàwó ẹ̀ fẹ́ kó jinná kanlẹ̀, kí àlùbọ́sà pọ̀ lórí. Ọmọ wọn tó dàgbà jù kì í fẹ́ ata rárá. Ó lé ní ogójì ọdún, wọ́n ṣì rántí gbogbo ẹ̀. Mo ní, "Bàbá, ẹ̀yin ńkọ́?" Wọ́n dákẹ́ fúngbà díẹ̀. Wọ́n wá ní etí ẹ̀ tó máa ń jóná díẹ̀, tó máa ń lẹ̀ mọ́ páànù, ìyẹn ni àwọn fẹ́ràn.

Mo tún pe ọmọbìnrin Ìlọrin yẹn padà. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "A máa ń gé ìyẹn dànù ni, sà." Mo ní kí wọ́n má gé tiwa.

Ọmọ Tákíè:
Ká ní Sábó ni, jíjóná yẹn ọ̀fẹ́ ni.