Mo fi búrẹ́dì àti ṣúgà sílẹ̀, síbẹ̀ mò ń sanra sí i. Ẹ gbà mí o

Ìyá Rofiat:
Ẹ káàárọ̀ o ẹ̀yin ará ilé, ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ Mùsùlùmí, àsàláámù àléíkúmù. Ẹ má bínú tọ́rọ̀ mi bá gùn, inú ló ń bí mi. Ìgbéyàwó ọmọ ẹ̀gbọ́n ọkọ mi la lọ ṣe ní Ọ̀fà ní Sátidé, aṣọ ẹbí léèsì aláwọ̀ ewé tí mo fowó gọbọi rà, télọ̀ wọ̀n mí dáadáa, ó rán an, mo wọ̀ ọ́ wò, ó bá mi mu. Nígbà tó fi máa dọjọ́ ìnáwó síìpù ò gòkè mọ́! Pínnì ni mo fi há a lẹ́yìn, mo fi ìborùn bò ó, oòrùn ń pa mí, mi ò lè ṣí i. Mo wá kúnlẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin, wọ́n wò mí látòkè délẹ̀, wọ́n ní "Ìyàwó wa, ṣé ká máa múra ìkómọ ni?" lójú gbogbo èrò. Ọkọ mi tó dúró tì mí náà ń rẹ́rìn-ín.

Ohun tó wá ń dùn mí ni pé èmi tí wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ yìí, mi ò jẹ ìjẹkújẹ o. Mi ò jẹ búrẹ́dì mọ́. Mi ò fẹnu kan mínírà. Mo fi àmàlà sílẹ̀, wíìtì ni mò ń rò. Láàárọ̀ óòtì ni, oyin ni mò ń fi sí i dípò ṣúgà, pẹ̀lú dàbínù. Sobo tí mo sè fúnra mi, oyin náà ni. Wàrà ló rọ́pò ẹran, ìyá Fúlàní oníwàrà tó máa ń kiri wá sí ṣọ́ọ̀bù mi l'Ọ́jà Ọba ti mọ̀ mí dunjú, òróró ólífù ni mo sì fi ń dín in, ẹ̀yin náà sì mọ iye tí wọ́n ń ta ólífù. Tí ebi bá pa mí ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀pà sísun àti ọ̀fíò ni, kì í ṣe mítípáì bíi tàwọn tá a jọ ń tajà.

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ dáyẹ́ẹ̀tì yìí kílò 78 ni mo wà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo gun sikéèlì tó wà ní kẹ́míìsì àdúgbò wa, ó gbé 89. Mo ní kí bọ̀ọ̀dá tó ni kẹ́míìsì gbé e kúrò lórí táìlì tó ti fọ́, kó gbé e síbi tó tẹ́jú. Ó tún gbé 89. Ẹ jọ̀ọ́ kí ni kí n ṣe? Kẹ́nikẹ́ni má sọ pé kí n máa sáré láàárọ̀ o, orúnkún mi ò gbà á.

Abẹ́kẹ́ Tankẹ́:
Pẹ̀lẹ́ o jàre ìyá mi. Ó ṣe èmi náà bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo bí èyí àbíkẹ́yìn, gbogbo èèyàn ní kí n máa mu omi gbígbóná àti lẹ́mọ́ọ̀nù, mo mu ún títí eyín fi ń kan mí, kílò ò sún. Ìyá ọkọ mi lọ́dọ̀ wa ní Ọ̀mù-Àrán wá ní kí n jẹ́ kí wọ́n fi omi gbígbóná tẹ ikùn fún mi, ha, ọjọ́ yẹn mo sunkún, àwọn ọmọ sá jáde kúrò nínú ilé. Kí ni mò ń sọ gan-an? Ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ àwọn ìdílé ọkọ wọ̀ yín lára.

Bàbá Ìbejì:
Ìyá Rofiat, ẹ jẹ́ ká ṣírò. Ohun tẹ́ ẹ kà sílẹ̀ yẹn oúnjẹ gidi ni, kò sí àríyànjiyàn, àmọ́ oúnjẹ tó dáa náà máa ń sanra. Síbí ńlá òróró kan, ì báà jẹ́ ólífù ì báà jẹ́ gròńọ́ọ̀tì, kálórì (ìwọ̀n agbára inú oúnjẹ) bíi 120 ni. Oyin, síbí ńlá kan lé ní 60, ó ju ti ṣúgà funfun lọ nítorí ó wúwo. Ẹ̀pà ńkọ́? Èló lẹ̀ ń jẹ?

Ìyá Rofiat:
@Bàbá Ìbejì ẹ̀pà wo ni mo jẹ ná? Agolo mílíìkì kan péré, òun ni mo fi ń pawọ́ mọ́ títí dìgbà tí mo bá ti ṣọ́ọ̀bù. Dọ́kítà kan sọ lórí rédíò pé ẹ̀pà dáa fún ọkàn.

Bàbá Ìbejì:
Ó dáa fún ọkàn lóòótọ́. Agolo mílíìkì kan á tó gíráàmù 100 dáadáa, gíráàmù 100 ẹ̀pà sì ń lọ sí kálórì 560 sókè. Ẹ̀ ń jẹ odidi oúnjẹ ọ̀sán kan láàárín oúnjẹ àárọ̀ àti oúnjẹ ọ̀sán, ẹ sì ní ẹ ò jẹ nǹkan kan.

Ìyá Alájé:
Èmi ò gbà pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kálórì kálórì yìí. Àwọn ìyá wa jẹ ẹ̀pà àti kúlíkúlí, wọ́n ṣiṣẹ́ oko, kò sẹ́ni tó ka kálórì fún wọn. Àmọ́ wíìtì tó ò ń rò yẹn dáa, àbúrò mi, má fi sílẹ̀, kì í sanra. Àmàlà ló ń sanra.

Ọmọ Ọ̀fà:
Ẹ̀yin ará, àmàlà, wíìtì, ẹ̀bà, gíráàmù kan náà kálórì kan náà ni tán-ń-tán, kékeré ni ìyàtọ̀ wọn. Wíìtì ní èèpo ọkà, ìyẹn fáíbà, díẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ torí pé wọ́n ní ó dáa làwọn èèyàn ṣe ń rò ó tó àjà ìlẹ̀kùn. Èmi ànàmọ́ ilé wa ni mò ń jẹ ní tèmi, ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kó bú mi.

Ìyá Alájé:
Ta ló bú ọ? Ṣebí ìwọ lo ń fi wá ṣe ẹ̀sín. Ọmọdé ti pọ̀ jù nínú gúrúùpù yìí.

Hajia Tíì Amúkùnlọ:
Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wá sí inbox mi, tíì wa ń fa ikùn wọlé láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, a ń kó o wá sí Ìlọrin, a ń kó o lọ Ajásẹ́-Ìpo, a ń kó o lọ Ìgbàjà

Admin:
Ìpolówó kò sí nínú gúrúùpù yìí. Ẹlẹ́ẹ̀kejì nìyẹn, ẹlẹ́ẹ̀kẹta á jáde.

Alfa Gáà Akanbí:
Ẹ má fojú kéré ayé o. Ẹni tí kò jẹun tó ń sanra, ẹ lọ ṣe rúkíyà, kí wọ́n ka Kùránì sí yín lára. Mo rí obìnrin kan rí

Ìyá Mubarak:
Alfa, ẹ jọ̀ọ́, àárọ̀ kùtù ni. @Ìyá Rofiat, ṣé abẹ́rẹ́ ìfètòsọ́mọbíbí lẹ̀ ń gbà, èyí tí wọ́n máa ń gún lóṣù mẹ́ta mẹ́ta? Ó máa ń sanra lára àwọn obìnrin kan, ó ṣe mí bẹ́ẹ̀, nígbà tí mo yí i padà ó rọ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ìyá Rofiat:
Rárá o, kọ́pà, èyí tí wọ́n ń fi sínú ilé ọmọ, ni wọ́n fi sí mi látọjọ́ tó ti pẹ́, nọ́ọ̀sì sì sọ fún mi pé kọ́pà ò ní oògùn lára. @Ọmọ Ọ̀fà, tó àjà ìlẹ̀kùn báwo? Ṣé o ti bá mi jẹun rí ni? Wíìtì tí mò ń jẹ ò tó ti ọmọ mi tó wà ní JSS.

Nọ́ọ̀sì Ìrọ́ra:
Ẹ káàárọ̀ ma. Ẹ ò tíì sọ ọjọ́ orí yín, bí nǹkan oṣù yín ṣe ń lọ, bí BP yín ṣe rí, àti oògùn tẹ́ ẹ̀ ń lò. Ìgbà wo ni wọ́n yẹ tairọ́ọ̀dì tó wà lọ́rùn yín wò gbẹ̀yìn? Ojú yín ńkọ́, ṣé ara nìkan ni àbí ojú náà?

Ìyá Rofiat:
Mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé kì í ṣe pé mo ń ṣe ọ̀lẹ, ẹsẹ̀ ni mo fi ń rìn láti Post Office dé Ọjà Ọba tẹ́lẹ̀ o, kí orúnkún yìí tó dé. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi yìí gan-an, ṣé ẹ fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe tóbi tó? Mi ò ní sọ.

Abẹ́kẹ́ Tankẹ́:
😂😂😂 Ẹ sọ ọ́ ma

Àǹtí Mínà:
Ìyàwó wa. Èmi náà wà nínú gúrúùpù yìí, láti Ọ̀fà wá ni wọ́n ti fi mí kún un. Mo ti ń kà á látàárọ̀, mo ní kí n máa wò ẹ́. Ẹ̀sín tí mo ṣe lọ́jọ́ Sátidé, eré ni, tó bá dùn ọ́ má bínú. Ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tí nọ́ọ̀sì ti bi ọ́ lọ́rọ̀ oògùn tí o ò dáhùn, ẹ bi í nípa oògùn orúnkún tó ń gbé mì bíi ẹ̀pà. Nínú ìdáná wọn ni mo ti rí i nígbà ìtúnnu, ó dì í sínú lẹ́dà.

Ìyá Rofiat:
Àǹtí, ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Mi ò mọ̀ pé ẹ wà níbí o. Kì í ṣe oògùn, ti ìrora ni. Bọ̀ọ̀dá oníkẹ́míìsì ló máa ń pò ó fún mi, kóró funfun kékeré méjì, yẹ́lò kan, aláwọ̀ ewé kan, wọ́n á wé e sínú lẹ́dà, mo máa ń lò ó láàárọ̀ àti lálẹ́. Kò níí ṣe pẹ̀lú oúnjẹ. Ó sì ṣiṣẹ́! Mi ò lè kírun lórí ìdúró tẹ́lẹ̀, ìjókòó ni mo fi ń kí i, àmọ́ ní báyìí mò ń forí kanlẹ̀ dáadáa, alhamdulillah.

Nọ́ọ̀sì Ìrọ́ra:
Láti ìgbà wo?

Ìyá Rofiat:
Ṣáájú ààwẹ̀ ọdún tó kọjá.

Nọ́ọ̀sì Ìrọ́ra:
Ṣáájú kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ dáyẹ́ẹ̀tì ni àbí lẹ́yìn rẹ̀?

Ìyá Rofiat:
Bíi ṣáájú rẹ̀ díẹ̀. Torí orúnkún ni wọ́n ṣe ní kí n jẹ́ kí ara fúyẹ́, ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀ oúnjẹ. Ojú mi sì ti rí roboto lóòótọ́, àwọn oníbàárà mi ń sọ pé mo ń gbádùn. Ẹni ogójì lé mẹ́ta ni mí. Bọ̀ọ̀dá yẹ BP mi wò, ó ní 150 lórí 95, ó ní wàhálà ọjà ni.

Nọ́ọ̀sì Ìrọ́ra:
Ẹ fetí sílẹ̀ ma. Mi ò rí kóró yẹn, torí náà mi ò ní búra. Àmọ́ oògùn orúnkún àpòpọ̀ tí kò ní páálí, tí kò ní orúkọ, tí kò ní nọ́ńbà NAFDAC, tó sì jẹ́ kí ìrora pòórá bẹ́ẹ̀, dexamethasone tàbí prednisolone ló sábà máa ń wà nínú ẹ̀. Irú oògùn yẹn ń ṣe bíi cortisol tí ara wa ń ṣe fúnra ẹ̀. Tó bá pẹ́ lára, ojú á rí roboto, ikùn á yọ, ẹran á yọ lẹ́yìn ọrùn, apá àti ẹsẹ̀ á máa tín-ín-rín, ara á tètè máa dúdú téèyàn bá fara gbá nǹkan, BP àti ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ á lọ sókè. Ebi á sì máa pa èèyàn ṣáá. Agolo mílíìkì tí Bàbá Ìbejì ń bá yín jà lé lórí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ oògùn ló ń rán yín ní ẹ̀pà. Dexamethasone kóró kékeré ni, bíńtín bíńtín, àmọ́ mílígíráàmù 0.75 ẹ̀ tó 5 ti prednisolone.

Ọmọ Ọ̀fà:
Ìyá, ẹ jù ú sínú ṣáláńgá ní báyìí báyìí. Ẹ má fẹnu kàn án mọ́.

Ìyá Alájé:
Bẹ́ẹ̀ ni, jù ú nù. Èyí ni ọmọ Ọ̀fà gbọ́n sí.

Nọ́ọ̀sì Ìrọ́ra:
RÁRÁ. Ẹ má gba ìyẹn gbọ́ ma, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ̀yin méjèèjì ẹ yọ ọ̀rọ̀ yẹn kúrò. Àwọn nǹkan kékeré méjì kan jókòó sórí kídìnrín wa, àwọn ló ń ṣe cortisol. Tí oògùn bá ti ń bá wọn ṣe é fún oṣù púpọ̀, wọ́n á sùn. Téèyàn bá wá dá oògùn dúró lójijì, ara ò ní nǹkan kan, ó lè rẹ èèyàn, ó lè máa bì, BP á lọ sílẹ̀, ó lè dákú, ó lè pa èèyàn. Dọ́kítà ló máa dín in kù díẹ̀díẹ̀.

Ìyá Rofiat:
Ẹ ń dẹ́rù bà mí o. Bọ̀ọ̀dá yẹn kì í ṣe èèyàn burúkú, ọmọ àdúgbò wa ni, ó ń bá mi ra ìwé fáwọn ọmọ. Gbogbo àdúgbò ló ń lò ó lọ́dọ̀ ẹ̀. Àbí ó mọ̀ọ́mọ̀ ni? Mi ò lè gbà.

Ìyá Mubarak:
Kò sẹ́ni tó sọ pé èèyàn burúkú ni. Ìyá mi ní Ẹ̀rínlé lo irú ẹ̀, wọ́n ní ó ń fún eegun lágbára, ìgbà tí wọ́n ṣubú nínú yàrá ìwẹ̀ ni a tó mọ̀ pé eegun gan-an ló ń jẹ. Ẹ lọ sọ́dọ̀ dọ́kítà ma.

Bàbá Ìbejì:
Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣé. Mo ń ṣírò oúnjẹ kiri, mi ò ronú ibẹ̀ yẹn rárá. Ẹ̀pà náà ṣì pọ̀ o.

Àǹtí Mínà:
Ìyàwó wa, ọ̀la ni ọ̀dọ̀ dọ́kítà, mo máa bá ọ lọ. Mo máa kúrò l'Ọ́fà láàárọ̀.

Ìyá Rofiat:
Àǹtí, ọjà Ẹtì ni o, mo ní oníbàárà tó ń bọ̀ láti Jẹ́bà wá gbé gèlè. Ṣé Mọ́ńdè ò dáa?

Nọ́ọ̀sì Ìrọ́ra:
Ọ̀la. UITH (ilé ìwòsàn Yunifásítì Ìlọrin) tàbí General Hospital, èyí tó bá súnmọ́ yín. Kí wọ́n yẹ BP, ṣúgà àti ẹ̀jẹ̀ yín wò. Ẹ mú lẹ́dà oògùn náà dání, gbogbo kóró tó kù, kí dọ́kítà fojú rí i, kẹ́ ẹ sì sọ ìgbà tẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀. Ẹ lo ti alẹ́ yìí bẹ́ ẹ ṣe ń lò ó, kẹ́ ẹ má fò ó, kẹ́ ẹ má sì fi kún un. Tí èébì tàbí òòyì bá mú yín kó tó dọ̀la, ẹ má dúró de ilẹ̀ mímọ́.

Ìyá Rofiat:
Mo ti gbọ́. Àǹtí, tẹ́ ẹ bá dé gáréèjì, ẹ pè mí, kí Rofiat wá mú yín. Mo máa ní kí oníbàárà dúró dìrọ̀lẹ́.

Hajia Tíì Amúkùnlọ:
Ìyá mi, tíì wa tún dáa fún orúnkún o

Admin:
Mo ti yọ ọ́.