Wọ́n ní dandan ni kí wọ́n la àbúrò mi, ṣé ẹ̀rù kóòtù ni?

Ẹ̀yin ìyá àti ẹ̀gbọ́n mi, ẹ káàsán o. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn, mi ò sùn dáadáa látàná. Àbúrò mi obìnrin wà ní Amẹ́ríkà, oyún ẹ̀ ti pé ọ̀sẹ̀ 33. Àkọ́bí ẹ̀, Àkúrẹ́ níbí ló bí i sí, iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbé e jáde. Ó fẹ́ fúnra ẹ̀ bí eléyìí, àmọ́ ọsibítù tó ń lọ lọ́hùn-ún ní ẹni tí wọ́n bá ti là rí, àwọn máa là á ni, wọ́n ti mú déètì gan-an. Ó béèrè pé ṣé ọmọ dábùú ni àbí ẹ̀jẹ̀ ríru, wọ́n ní rárá, gbogbo ẹ̀ ló dáa. Nọ́ọ̀sì kan ló wá yọ́ sọ fún un pé lọ́yà ni wọ́n ń sá fún. Ìyẹn ló ń dùn mí. Ṣé torí àbúrò mi ni wọ́n fi fẹ́ là á àbí torí ara wọn? Kí ni kó ṣe?

ÌYÁ ÌBEJÌ ÌJÀPỌ̀: Ọlọ́run á sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láyọ̀ o. Kó má bá dókítà jà ṣá.

MÁMÁ TÈMI: Mo bí méjì lọ́hùn-ún kí n tó padà sí Alágbàka, òótọ́ ni nọ́ọ̀sì yẹn sọ. Bí mo ṣe ń rọbí báyìí wọ́n de bẹ́líìtì mọ́ mi níkùn, ẹ̀rọ ń ya bí ọkàn ọmọ ṣe ń lù sórí bébà láti àárọ̀ dalẹ́, mi ò lè dìde rìn. Dókítà mi fúnra ẹ̀ ló sọ pé bébà yẹn ni ẹlẹ́rìí àwọn ní kóòtù, torí ọmọ tí nǹkan bá ṣe níbi ìbí, wọ́n lè gbé ẹjọ́ ẹ̀ dé lẹ́yìn ọdún púpọ̀. Tí bébà bá ti fi nǹkan kékeré hàn, ọ̀bẹ yá. Ní 1970, nínú 100 obìnrin tó bímọ lọ́hùn-ún, bíi 5 ni wọ́n là, báyìí ó ti lé ní 30, bẹ́ẹ̀ àrùn ọpọlọ tó ń rọ ọmọ lọ́wọ́ lẹ́sẹ̀ tí wọ́n tìtorí ẹ̀ gbé ẹ̀rọ náà wá ò dín kù.

BÀBÁ ỌLÁ, ONDO: Ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára. Ìyàwó mi rọbí ọjọ́ méjì ní ọsibítù kan níbí, kò sẹ́ni tó yẹ̀ ẹ́ wò lóru, ọmọ ti kú kí dókítà tó dé. Fáìlì ẹ̀, òfìfo, wọn ò kọ nǹkan kan. Ta ni mo fẹ́ pè lẹ́jọ́? Gbogbo ẹbí ní kí n fi í fún Ọlọ́run, mo fi í fún Ọlọ́run, ó ṣì ń dùn mí dòní. Ní tèmi, kí wọ́n bẹ̀rù díẹ̀.

NỌ́Ọ̀SÌ ÀGBÀ: Bàbá Ọlá, ẹ pẹ̀lẹ́, Ọlọ́run á tù yín nínú. Ẹni tó bẹ̀rù á kọ nǹkan sílẹ̀, òótọ́ lẹ sọ.
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ béèrè, ẹ gbọ́. Ní 1999 ẹgbẹ́ àwọn dókítà aboyún Amẹ́ríkà ní ẹni tí wọ́n ti là rí tó bá fẹ́ fúnra ẹ̀ bímọ, ìbí yẹn gbọ́dọ̀ jẹ́ níbi tí dókítà wà nílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ni ọsibítù púpọ̀ bá pa á tì torí ẹ̀rù ẹjọ́. Ní 2010 ẹgbẹ́ náà tún un sọ pé ọ̀pọ̀ tí wọ́n là lẹ́ẹ̀kan lè gbìyànjú, kí wọ́n má sì fipá la ẹnikẹ́ni. Nínú 100 tó bá gbìyànjú, 60 sí 80 ló ń bí i fúnra wọn. Ojú àpá máa ń ya o, kò tó ẹnì kan nínú 100, àmọ́ tó bá ya, ìyá àtọmọ lè bá a lọ, ẹ má fi ṣeré. Bí wọ́n ṣe la ilé ọmọ nígbà yẹn ló ṣe pàtàkì, kì í ṣe àpá ojú awọ o. Tó bá jẹ́ ìbú nísàlẹ̀, ó ṣe é gbìyànjú. Tó bá jẹ́ òòró tó gòkè, kó má dán an wò. Ẹ lọ sí ọsibítù tó ti bí àkọ́bí, ní rẹ́kọ́ọ̀dù, kẹ́ ẹ gba ìwé iṣẹ́ abẹ ẹ̀, wọ́n á béèrè lẹ́tà tóun fúnra ẹ̀ sáìn. Kó mú un lọ sí ọsibítù ńlá tó ń gba irú ẹ̀, kó má sì dúró di ọ̀sẹ̀ 38.

ẸNI TÓ BÉÈRÈ: Ẹ ṣé gan-an mà. Mo pè é, kò mọ bí wọ́n ṣe là á, kò sẹ́ni tó sọ fún un nígbà yẹn, àwọn tọ̀hún náà ò sì tiẹ̀ béèrè kí wọ́n tó mú déètì! Ó ti sáìn lẹ́tà, ó ti fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Àárọ̀ Mọ́ńdè mo ti wà ní rẹ́kọ́ọ̀dù. Bàbá Ọlá, ẹ pẹ̀lẹ́ sà, mo ka tiyín, mo sunkún.