Ọ̀kẹ́rẹ́ tó ń ṣọ́ àká ẹ̀ lórí Mount Graham

Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ kí n sọ ìrírí tèmi fún yín. Ọ̀kẹ́rẹ́ pupa orí Mount Graham ní Arizona, l'Amẹ́ríkà, ni èmi bá ṣiṣẹ́. Àfi orí òkè yẹn nìkan lẹ ti lè rí irú ẹ̀, láti 1987 ni ìjọba ti kọ ọ́ mọ́ àwọn ẹranko tó fẹ́ẹ́ parun. Òkè náà ga ju 3,200 mítà lọ, aṣálẹ̀ ló wà nísàlẹ̀, oòrùn ibẹ̀ ń jóni, àmọ́ tẹ́ ẹ bá gòkè tán, òtútù ni, igi spruce àti fir lọ́tùn-ún lósì.

Ọjọ́ kìíní tá a wọgbó, mo rí òkìtì kan nídìí igi, èèpo kóònù, èso àwọn igi yẹn, ló kún ibẹ̀, mo ṣáà rò pé àkìtàn ni mo bá fẹ́ gba orí ẹ̀ kọjá. Ọ̀gá wa fà mí lápá, ó ní, "Rọra o, àká onítọ̀hún lo fẹ́ tẹ̀ yẹn." Ó ní kí n tọwọ́ bọ̀ ọ́. Mo kúnlẹ̀ mo tọwọ́ bọ̀ ọ́, inú ẹ̀ tutù, ó rin gbindin, ọwọ́ mi ń ba kóònù lọ́kọ̀ọ̀kan, gbogbo wọn padé pinpin. Òtútù àti omi yẹn ni ò jẹ́ kí wọ́n là, torí tí kóònù bá ti là, hóró inú ẹ̀ á dànù, bẹ́ẹ̀ ọ̀kẹ́rẹ́ yìí kì í sùn títí ìgbà òtútù á fi kọjá o, nínú yìnyín náà ó gbọ́dọ̀ jẹun. Tó bá kú, òmíì á wọlé jogún ẹ̀, èèpo á tún máa ga sí i.

Mi ò tíì dìde tí mo fi gbọ́ ọ lókè orí mi, trrrrrrr, bí ìgbà tèèyàn ń mi ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Kò wọ̀n tó 300 gírámù, àmọ́ gbogbo ara ẹ̀ ló fi ń pariwo, ìrù ẹ̀ ń já pàìpàì, ojú ẹ̀ tó ní òrùka funfun ò kúrò lára mi. Àwọn àgbà ní ẹnu ọ̀kẹ́rẹ́ ló ń pa á. Tibí yìí yàtọ̀, ẹnu ẹ̀ ló fi ń lé olè.

Iná Frye, iná igbó tó jó orí òkè yẹn, ló bà mí lọ́kàn jẹ́ jù. Mànàmáná ló dá a sílẹ̀ l'óṣù kẹfà 2017. 252 ni wọ́n fojú bu àwọn ọ̀kẹ́rẹ́ yìí sí lọ́dún tó ṣáájú, lẹ́yìn iná 35 péré ni wọ́n kà. Nígbà tá a lọ kà wọ́n, à ń tẹ̀ lé GPS láti àká dé àká, a ń wá èèpo tuntun, a ń wá ibi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́. Eérú ni mo ń bá. Kóònù ti di èédú, igi dúró gbagidi láìléwé, ẹ ò sì ní gbọ́ ìró kankan. "Òfo" ni mo ń kọ sí fọ́ọ̀mù, òfo, òfo, títí ọkàn mi fi rẹ̀wẹ̀sì.

Ọ̀sán ti lọ ká tó dé àká kan létí ibi tí iná dúró sí. Mo gbójú sókè, mo rí olú kan lórí ẹ̀ka, ọ̀kẹ́rẹ́ ló fi há a síbẹ̀ kó lè gbẹ, ojú ibi tó ti gé e jẹ ṣì funfun. Mi ò mí. Ó pẹ́ díẹ̀, ó wá dún: trrrrrrr.

Ọwọ́ mi ń gbọ̀n bí mo ṣe ń kọ "ó wà".