Ẹ̀yin tí ẹ ti wakọ̀ ní pápá eré ìje rí: ara ló kọ́kọ́ ń túúbá ni àbí mọ́tò?

Ṣùúrùlérè_dé_Kent
Ẹ kú ìkàlẹ̀, ẹ̀yin ará ilé. Àbúrò ìyàwó mi fẹ́ mú mi lọ sí pápá eré ìje Brands Hatch lóṣù tó ń bọ̀. Mo rò pé a fẹ́ lọ wòran ni, àṣé èmi gan-an ni yóò wakọ̀. Mazda MX-5 àtijọ́ kan tí wọ́n ti tú gbogbo inú rẹ̀ dànù ló fẹ́ gbé lé mi lọ́wọ́. Èmi tí mo kọ́ mọ́tò wíwà ní Ojúẹlẹ́gbà, kí ni wọ́n tún fẹ́ fi hàn mí? Ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tí mo bá sọ fún ló ń fi mí rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe é, kí lojú yín rí níbẹ̀? Èwo ló máa ń kọ́kọ́ túúbá?

Jagun_Texas
Àpò ni.

Ẹ̀gbá_Dartford
Jagun, o ò ní pa èèyàn 😂

Ẹ̀gbọ́n, mo mọ Brands dáadáa. Ẹ ò ní tíì mí kanlẹ̀ lẹ́yìn ìlà ìbẹ̀rẹ̀ tí ẹ ó fi bá Paddock Hill pàdé. Ọ̀tún ló yà sí, ṣùgbọ́n yíyà yẹn kọ́ ló ń dẹ́rù bani. Ilẹ̀ ibẹ̀ já wálẹ̀ ni. Nígbà tí ẹ bá ń yí sítíárìn, ẹ ò tíì rí ibi tí ẹ ń lọ, bí ìgbà tí èèyàn ń sọ àtẹ̀gùn kalẹ̀ lókùnkùn tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wá fo ọ̀kan. Ìfun á gòkè wá bá àyà. Kí ẹ tó mọ̀, ẹ ti wà nísàlẹ̀, ẹ tún ń gun òkè lọ sí Druids, ibi tí ọ̀nà ti ṣẹ́rí padà pátápátá. Gbogbo àyíká yẹn, èyí tí wọ́n ń pè ní Indy, máìlì 1.2 péré ni. Bí ìṣẹ́jú kan báyìí, ẹ ti tún padà dé Paddock Hill. Kò sí ibi tí ẹ ti fẹ́ na ọwọ́.

Tèmi, orúnkún ló kọ́kọ́ ké. Ìjókòó mọ́tò tí mo lò kò di ara mú. Kọ́nà ọ̀tún ló pọ̀ jù níbẹ̀, torí náà apá òsì ni ara ń fò sí ṣáá, orúnkún òsì mi ni mo fi ń ti ara mi mọ́ ẹ̀gbẹ́ ibi tí jíà wà. Nígbà tí mo bọ́ ṣòkòtò nílé, ibẹ̀ ti dúdú ju bí Ọlọ́run ṣe dá a lọ.

Mẹ́káníìkì_Mushin
Ẹ jọ̀ọ́ o. Ẹni tó jókòó ni ẹ ní ó rẹ̀? Awakọ̀ dánfó ń jókòó láti aago márùn-ún àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú, kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ le, sítíárìn rẹ̀ kò ní páwà, kò sì sẹ́ni tó kọ ìtàn orúnkún rẹ̀ síbì kankan.

Ẹ̀gbá_Dartford
Dánfó ò kí ń fi 90 wọ kọ́nà.

Mẹ́káníìkì_Mushin
O ò tíì wọ èyí tó ń lọ Ìkòròdú.

Ìyá_Ìbejì_Houston
Ọ̀gá Mushin, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jẹ́ ká ṣe é báyìí. Ẹ wọ ẹ̀wù àti ṣòkòtò inú tí iná kì í tètè jó, ẹ gbé aṣọ eré ìje tó nípọn, tó bo gbogbo ara, lé e. Ẹ wọ ìbọ̀sẹ̀, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ fi aṣọ bo orí àti ọrùn kí ẹ tó dé akoto. Ẹ wá jókòó sínú ọkọ̀ tí wọ́n ti yọ ẹ̀rọ amúlétutù rẹ̀ kúrò kó lè fúyẹ́, tí ooru ẹ́ńjìnnì àti ti páìpù èéfín ń yan yín lẹ́sẹ̀. Kí ẹ wá lọ ṣe gbogbo èyí ní pápá Angleton, nínú oṣù Kẹjọ, nínú ooru Texas.

Spec Miata ni mo ń sá, ìje tí gbogbo wa ń lo Mazda MX-5. Ohun tí àwọn èèyàn ò mọ̀ ni pé ooru yẹn kì í kọ́kọ́ mú apá tàbí ẹsẹ̀, orí ló máa ń mú. Lọ́jọ́ kan báyìí mo ṣàkíyèsí pé òógùn mi ti dá. Mo rí àsíá yẹ́lò tí wọ́n ń jù, mo rí i kedere, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kí ọpọlọ mi tó sọ fún mi pé ewu wà níwájú, n ò gbọdọ̀ kọjá ẹnikẹ́ni. Bẹ́ẹ̀ mo mọ àsíá yẹn bí mo ṣe mọ orúkọ àwọn ọmọ mi. Mo yà wọ pit, ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú ọkọ̀, fúnra mi. Wọ́n da omi tútù sí mi lọ́rùn àti abẹ́ apá, wọ́n ní kí n má tíì dìde. Báyìí mo ní ẹ̀wù kan tí wọ́n rán rọ́bà tín-ín-rín sí lára, omi yìnyín ń ti inú kúlà gba inú rẹ̀ yí àyà mi ká. Ó dùn! Àfi ọjọ́ tí pọ́ǹpù rẹ̀ bá kú, ó di súwẹ́tà tí mo tún gbé wọ̀.

Mẹ́káníìkì_Mushin
Màmá, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ mà jìyà. Ṣùgbọ́n ta ló rán yín níṣẹ́?

Ìyá_Ìbejì_Houston
Ohun tí ọkọ mi náà bi mí nìyẹn.

Jagun_Texas
Kò tíì bi yín iye tí ẹ ń ra táyà?

Ìyá_Ìbejì_Houston
Jagun, ṣé o fẹ́ tú ilé mi ká ni?

Adé_Norwich
Ara mi kò ṣe nǹkan kan. Bírékì ló fẹ́ pa mí. Mo ti sá bọ̀ látorí Bentley Straight ní pápá Snetterton, ọ̀nà tó gùn gbọọrọ ni, mo tẹ bírékì fún kọ́nà tó tẹ̀ lé e, ẹsẹ̀ mi sì lọ bá ilẹ̀. Kò sí nǹkan kan lábẹ́ rẹ̀. Mo pọ́ǹpù rẹ̀, mo tún pọ́ǹpù rẹ̀, ó gbé díẹ̀, ṣùgbọ́n inú koríko ni mo ti wà nígbà yẹn. Páàdì tuntun ló wà níbẹ̀ o, ti eré ìje gan-an. Ẹni tó ta mọ́tò náà fún mi ti búra pé ohun gbogbo tó jẹ́ bírékì lòun pààrọ̀. Ọ́ìlì bírékì ni kò pààrọ̀. Ó hó.

Akẹ́kọ̀ọ́_Ifẹ̀
Ó hó báwo? Ọ́ìlì bírékì kì í ṣe omi ẹ̀bà kẹ̀.

Mẹ́káníìkì_Mushin
Ó ti dé ọ̀dọ̀ mi wàyí. Ó máa ń hó dáadáa. Ọ́ìlì yẹn ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra díẹ̀díẹ̀, bí ẹ bá tiẹ̀ ń dé ìdérí rẹ̀. DOT 4, irú ọ́ìlì bírékì kan, tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú agolo gbọ́dọ̀ tó 230 lórí ìwọ̀n Celsius, ó kéré tán, kó tó hó. Èyí tó bá ti mu omi, 155 ni òfin béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ wá wo bí bírékì eré ìje ṣe ń gbóná. Tó bá hó, atẹ́gùn dé inú páìpù nìyẹn. Atẹ́gùn ṣeé fún pọ̀, ọ́ìlì kò ṣeé fún pọ̀. Gbogbo agbára ẹsẹ̀ yín, atẹ́gùn yẹn lẹ ń fún pọ̀, kò dé ibi táyà. Àwọn onítírélà tó ń sọ òkè kalẹ̀ lápá Ẹ̀fọ̀n Aláayè mọ ohun tí ooru ń fi bírékì ṣe.

Ṣùgbọ́n ẹ má pa á pọ̀ mọ́ ti páàdì o. Tí páàdì bá gbóná kọjá agbára rẹ̀, pẹ́dàlì á le digbí lábẹ́ ẹsẹ̀ yín, mọ́tò ò sì ní dúró. Èyí tó rọ̀ àti èyí tó le, àrùn méjì ni. Mo ti rí ẹni tó ra páàdì lẹ́ẹ̀mejì nígbà tó jẹ́ ọ́ìlì ló ń wá.

Adé_Norwich
Ọ̀gá, ẹ ṣeun gan-an. Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹni tó jókòó kì í rẹ̀!

Mẹ́káníìkì_Mushin
N ò tíì yí ẹnu padà lórí ìyẹn.

Kọ́lá_Leeds
Tí 4 bá ń hó, ẹ ra DOT 5. Ṣebí márùn-ún ju mẹ́rin lọ?

Ẹ̀gbá_Dartford
HÁÀ. Rárá o! Silikónì ni DOT 5, kì í bá àwọn yòókù pò. 5.1 ni ò ń wá, 260 ni tiẹ̀. Àwọn tó ń sáré gidi máa ń ra ti eré ìje tó kọjá 300, wọ́n sì ń pààrọ̀ rẹ̀ léraléra.

Kọ́lá_Leeds
5 yàtọ̀ sí 5.1? Ta ló fún wọn lórúkọ báyìí?

Mẹ́káníìkì_Mushin
Ẹni tó fẹ́ kí àwa rí iṣẹ́ ṣe.

Títí_W
Ẹ sọ fún Ṣùúrùlérè pé kó má fa háńdì bírékì tó bá ti wọlé o. Kó kọ́kọ́ wa àyíká kan jẹ́jẹ́ kí atẹ́gùn fẹ́ sí i. Páàdì tó gbóná yẹn máa ń lẹ̀ mọ́ dísìkì. Kó fi igi dá táyà dúró.

Bàbá_Ṣẹ́yẹ_Atlanta
Bírékì lẹ̀ ń sọ, ẹ ò tíì sunkún. Pápá Road Atlanta, máìlì 2.54, kọ́nà 12, òkè àti ìsàlẹ̀. Mo wọn ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì láàárọ̀, ó pé. Omi rédíétọ̀ pé. Mo wọ kọ́nà kan tó gùn, abẹ́rẹ́ tó ń fi agbára ọ́ìlì hàn já wálẹ̀, ó tún gòkè. Mo ní bóyá wáyà ni. Nígbà tí mo tún dé kọ́nà yẹn ó já, kò gòkè mọ́. Ìró tó tẹ̀ lé e, ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ ọ rí, mi ò ní ṣàlàyé.

Mẹ́káníìkì_Mushin
Nọ́ọ̀kì 😭

Bàbá_Ṣẹ́yẹ_Atlanta
Nọ́ọ̀kì pátápátá. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé táyà eré ìje ń di ilẹ̀ mú ju bí wọ́n ṣe retí nígbà tí wọ́n ń ṣe mọ́tò fún títì. Tí ẹ bá wà nínú kọ́nà pẹ́, gbogbo ọ́ìlì inú sọ́ńpù, àwo ọ́ìlì tó wà lábẹ́ ẹ́ńjìnnì, á sá lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹnu páìpù tó ń fa ọ́ìlì á wà lórí ìyàngbẹ ilẹ̀, atẹ́gùn ló ń fà. Bíárìn tó wà lórí kránkì ò lè fara da ìyẹn ju ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lọ. Ẹ́ńjìnnì tuntun tí mo gbé sí i, mo jó irin pẹlẹbẹ sínú sọ́ńpù rẹ̀ kí ọ́ìlì má lè sá. Mo tún so iná pupa ńlá mọ́ iwájú mi, tó máa tàn tí agbára ọ́ìlì bá já. Abẹ́rẹ́ kékeré wulẹ̀ wà fún ẹ̀ṣọ́ ni, ta ló ráyè wò ó?

Jagun_Texas
Bàbá Ṣẹ́yẹ, èló ni ẹ́ńjìnnì tuntun yẹn?

Bàbá_Ṣẹ́yẹ_Atlanta
Lọ sùn.

Lekki_Turbo
Kí ni gbogbo wàhálà yìí? Àwa ń sá tiwa lórí Third Mainland lóru. Ọ̀fẹ́ ni, kò sí ìwé àṣẹ, kò sí akoto.

Ìyá_Ìbejì_Houston
Ọmọ mi, kò sí ambuláǹsì náà. Ìyá tó ń ti ibi iṣẹ́ alẹ́ bọ̀ nínú Corolla rẹ̀ ò mọ̀ pé ìwọ ń sá eré.

Ẹ̀gbá_Dartford
Níbí, àwọn tó ń di àsíá mú ní kọ́nà kọ̀ọ̀kan, ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń ṣe é, nínú òjò, lọ́jọ́ ìsinmi wọn. Tí iná bá sọ nínú mọ́tò mi, àwọn ló máa kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ mi. Ta ló dúró fún ẹ lórí afárá?

Lekki_Turbo
Ọlọ́run.

Títí_W
Má fi Ọlọ́run ṣe elásíá.

Ṣùúrùlérè_dé_Kent
Ẹ ti dẹ́rù bà mí o. Ìbéèrè kékeré: ipò kelòó ni ẹ rò pé mo lè gbà?

Adé_Norwich
Ẹ̀gbọ́n, kò sí ipò kankan. Ọjọ́ ìgbafẹ́ pápá lẹ̀ ń lọ, kì í ṣe ìje. Wọn ò ní jẹ́ kí ẹ wọn àkókò, ẹ ò sì lè kọjá ẹnikẹ́ni àfi tó bá yọ̀ǹda fún yín. Ẹni tó bá fẹ́ bá èèyàn du ipò ní láti gba ìwé àṣẹ Motorsport UK, àjọ tó ń ṣàkóso eré ìje ọkọ̀ níbí: wọ́n á wo bí ẹ ṣe ń wakọ̀, ẹ ó sì ṣe ìdánwò lórí àsíá àti òfin. Ẹ pe ilé iṣẹ́ adójútòfò yín náà kí ẹ tó lọ, torí ìwé adójútòfò ti títì kì í sábà bo pápá.

Ṣùúrùlérè_dé_Kent
Kò sí ipò? Kí ni mo wá ń bẹ̀rù?

Kọ́lá_Leeds
Odi Paddock Hill ò mọ̀ pé kì í ṣe ìje.

Akẹ́kọ̀ọ́_Ifẹ̀
Mo máa ń rí nǹkan kan tí wọ́n ń fi kọ́ ọrùn, tó gun èjìká. Kí nìyẹn?

Bàbá_Ṣẹ́yẹ_Atlanta
HANS. Robert Hubbard, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Michigan State, ló ṣe é fún àna rẹ̀ Jim Downing tó jẹ́ asáré ọkọ̀. Bẹ́líìtì ń di àyà mú, kì í di orí mú. Tí mọ́tò bá dúró lójijì, orí pẹ̀lú akoto ṣì ń lọ síwájú, ìdí agbárí ló sì ń fọ́. Ọ̀pọ̀ asáré ń bú u pé ó ń ni wọ́n lára, títí Dale Earnhardt, ìlúmọ̀ọ́ká asáré ọkọ̀, fi kú ní pápá Daytona ní 2001. Kí ọdún yẹn tó parí, NASCAR, àjọ eré ìje ọkọ̀ Amẹ́ríkà, ti sọ ọ́ di dandan fún wọn láti fi nǹkan di orí mú.

Títí_W
Kó má sì lọ rà á lo pẹ̀lú bẹ́líìtì lásán inú mọ́tò ilé o. Bẹ́líìtì eré ìje tó gba orí èjìká méjèèjì ló ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ ara.

Ṣùúrùlérè_dé_Kent
Ó dáa. Ṣé mo lè jẹ ẹ̀bà láàárọ̀ ọjọ́ yẹn?

Ẹ̀gbá_Dartford
Paddock Hill á dá a padà.

Ìyá_Ìbejì_Houston
Ògì ni kẹ́ ẹ mu. Kí ẹ sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í mu omi láti ọjọ́ tó ṣáájú, kì í ṣe nígbà tí òùngbẹ bá dé.

Mẹ́káníìkì_Mushin
Ògì ní Kent? Ẹ jẹ́ kó jẹ ẹ̀bà rẹ̀. Awakọ̀ dánfó...

Adé_Norwich
Ọ̀gá, ẹ fi dánfó sílẹ̀ 😂

Mẹ́káníìkì_Mushin
Ó dáa. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ni mo ní. Ọ́ìlì bírékì tó kọjá 300 yẹn, oníbàárà mi kan ní tírélà tó ń gba ọ̀nà Ẹ̀fọ̀n. Ta ló ń bọ̀ nílé lóṣù Kejìlá kó bá mi mú agolo díẹ̀ dání?

Kọ́lá_Leeds
Èmi ń bọ̀, ṣùgbọ́n ẹrù mi ti kún. Ìyá ìyàwó mi ló ni ìdajì rẹ̀.

Mẹ́káníìkì_Mushin
Ìdajì kejì ńkọ́?