Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọgbà fún àdúgbò ní Ìbàdàn: kí la máa kọ́kọ́ kọ́ wọn, irú igi wo ló sì yẹ ẹ̀gbẹ́ ilé?

Akọ̀wé Àdúgbò

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà ọgbà. Ẹgbẹ́ lánlọ́ọ̀dù àdúgbò wa ní Ìbàdàn fẹ́ lo ilẹ̀ tó wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn wa láti kọ́ àwọn ará àdúgbò bí wọ́n ṣe lè gbin ẹ̀fọ́ àti igi sí àgbàlá. Àwọn tó forúkọ sílẹ̀ jẹ́ 25, ọmọdé wà nínú wọn. Sátidé mẹ́rin la ní, láti àárín oṣù kẹrin, wákàtí méjì méjì. Ilẹ̀ náà fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 30, ó sì gùn tó 60. Ó le, àfọ́kù búlọ́ọ̀kù àti sìmẹ́ńtì sì pọ̀ nínú rẹ̀. Kànga wà níbẹ̀.

Kí ló yẹ ká fi bẹ̀rẹ̀? Irú igi wo la lè gbìn tí kò ní la fẹ́ǹsì, tí kò sì ní wọ inú sọkawéè? Wàhálà kẹta rèé: àwọn kan ń sọ pé ọgbà á kó ejò wá, àwọn míì sì ní ká lé òwìwí tó ń sùn sórí ọ̀pẹ tó wà níbẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Kí la máa sọ fún wọn?

Ilẹ̀dú

Akọ̀wé, ẹ kú ìmúra. Ilẹ̀ ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Níbi tí sìmẹ́ńtì bá ti wọnú ilẹ̀, ewé tuntun á máa pọ́n bí ìyeyè, iṣan ewé nìkan ló máa dúdú. Ajílẹ̀ tí ẹ bá dà sí i kò ní ràn án tí àfọ́kù bá ṣì wà nísàlẹ̀. Torí náà, kó tó di Sátidé àkọ́kọ́, ẹ jẹ́ kí ẹni mẹ́ta fi dígà tú ilẹ̀ náà jìn tó ẹsẹ̀ bàtà kan, kí wọ́n ṣa gbogbo àfọ́kù tó bá ju ìkúùkù lọ. Búlọ́ọ̀kù tó bá ṣì dá ṣáṣá, ẹ kó o jọ, ẹ ó fi ṣe etí bẹ́ẹ̀dì (ebè pẹrẹsẹ tí ẹ máa gbin ẹ̀fọ́ sí).

Iṣẹ́ tí àwọn ọmọdé máa fẹ́ràn jù lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni ká fi omi wádìí ilẹ̀. Ẹ gbẹ́ ihò tó jìn tó ẹsẹ̀ bàtà kan, ẹ pọn omi kún un, ẹ jẹ́ kó fà tán, kí ẹ tún pọn ọ́n kún lẹ́ẹ̀kejì. Tí omi ẹlẹ́ẹ̀kejì bá ṣì wà níbẹ̀ lẹ́yìn wákàtí mẹ́rin, omi ò ráyè lọ nìyẹn. Ẹ gbé bẹ́ẹ̀dì yín ga tó ẹsẹ̀ bàtà kan sórí ilẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ òjò oṣù kẹfà á mú kí gbòǹgbò ẹ̀fọ́ yín rà.

Bẹ́ẹ̀dì márùn-ún ló tọ́, ẹni márùn-ún sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 4, kí gígùn rẹ̀ jẹ́ 10. Ẹ má jẹ́ kó fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọwọ́ àgbàlagbà gbọ́dọ̀ lè dé àárín rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, torí ẹsẹ̀ tí à ń fi tẹ ilẹ̀ náà ló ń mú un le.

Ọjọ́ yẹn náà ni kọ́ḿpọ́ọ̀sì (ajílẹ̀ tí à ń fi ewé àti èèpo oúnjẹ tó jẹrà ṣe) gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀, torí òun ló máa pẹ́ jù. Ẹ ri òpó mẹ́rin mọ́lẹ̀, mítà kan síra wọn, kí ẹ tẹ́ ẹ̀ka igi wẹ́wẹ́ sísàlẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè ráyè wọlé. Bókẹ́ẹ̀tì mẹ́ta ohun gbígbẹ ló máa ṣáájú, bí ewé gbígbẹ tàbí pòròpórò àgbàdo tí ẹ gé kékeré. Bókẹ́ẹ̀tì kan ohun tútù ló tẹ̀ lé e: èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, èèpo iṣu, koríko tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ro. Ẹ wọ́n ìdajì bókẹ́ẹ̀tì ìgbẹ́ adìyẹ lé e, ẹ bu omi sí i, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀ látorí ohun gbígbẹ títí á fi ga tó mítà kan. Òkìtì tó bá kéré ju ìyẹn lọ kì í gbóná, ṣe ló kàn máa jókòó síbẹ̀. Ẹ sọ fún gbogbo wọn kí ẹnì kọ̀ọ̀kan gbé àpò ìrẹsì kan tó kún fún ewé gbígbẹ wá. Lójú, àpò 25 pọ̀, ṣùgbọ́n tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, òkìtì kan péré ló máa ṣe.

Ẹ bù díẹ̀ sọ́wọ́, ẹ fún un: tí omi bá kán lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì, ó dára. Tó bá ń ṣàn, ẹ fi ewé gbígbẹ kún un. Lọ́jọ́ kẹta, ẹ ki irin wọ àárín rẹ̀. Tí ẹ bá fà á yọ, ó yẹ kó gbóná lọ́wọ́. Sátidé Sátidé ni kí ẹ máa yí i. Tó bá ń rùn bí ìtọ̀, ìgbẹ́ adìyẹ ti pọ̀ jù. Tó bá ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́, omi ló pọ̀ jù, afẹ́fẹ́ ò wọlé. Ó máa gbà tó oṣù méjì ààbọ̀ sí mẹ́ta, ẹ tètè sọ ọ́ fún wọn kí ẹnikẹ́ni má bàa retí rẹ̀ ní Sátidé kẹrin. Ẹran, ẹja àti oúnjẹ sísè ò gbọdọ̀ débẹ̀, torí eku.

Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́

Òótọ́ ni Ilẹ̀dú sọ lórí kọ́ḿpọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n tí àwọn èèyàn bá ti lọ sílé lọ́jọ́ àkọ́kọ́ láìgbin nǹkan kan, púpọ̀ nínú wọn ò ní padà wá. Ẹ gbin tẹ̀tẹ̀ sí bẹ́ẹ̀dì kan lọ́jọ́ náà. Ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún ló fi ń hù, wọ́n á ti rí i kí wọ́n tó jókòó ní Sátidé kejì. Tó bá sì fi máa di Sátidé kẹrin, ẹ ti lè máa fa èyí tó tóbi nínú rẹ̀ jẹ.

Fún bẹ́ẹ̀dì ẹsẹ̀ bàtà 4 sí 10, ráọ́bà ọ̀dà mẹ́ta (onílítà mẹ́rin) ìgbẹ́ adìyẹ tó ti jókòó sábẹ́ òrùlé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ó kéré tán. Ẹ pò ó mọ́ ilẹ̀ òkè. Tí ìgbẹ́ náà bá ṣì tutù, á jó gbòǹgbò: ẹ̀fọ́ á hù dáadáa, á wá máa kú ní ìdúró. Ṣíbí tíì méjì irúgbìn tẹ̀tẹ̀ ti tó. Ẹ pò ó mọ́ agolo mílíìkì méjì iyanrìn gbígbẹ, torí irúgbìn náà kéré débi pé tí ẹ bá fi ọwọ́ lásán fọ́n ọn, ojú kan ló máa wọ́ sí. Ẹ fọ́n ìdajì ní òró, ẹ fọ́n ìdajì tó kù ní ìbú, kí ẹ wá fi ìgbálẹ̀ fà á fẹ́ẹ́rẹ́. Tó bá wọlẹ̀ jù, kò ní hù. Ẹ fi imọ̀ ọ̀pẹ bò ó, kí ẹ sì ká a kúrò ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó bá yọrí. Bí ẹ bá rí i tí ìdí rẹ̀ ń tín-ínrín lójú ilẹ̀ tó sì ń ṣubú, ẹ ti fọ́n ọn pọ̀ jù tàbí ẹ ti bomi sí i jù. Ẹ fà lára rẹ̀ kúrò, kí ẹ máa bomi rin ín láàárọ̀ nìkan.

Ewédú ló ń já ọ̀pọ̀ èèyàn kulẹ̀. Èèpo irúgbìn rẹ̀ le, omi kì í ráyè wọ inú rẹ̀. Ẹ di í sínú aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹ rì í bọ omi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí iná, ẹ ka ení dé ẹ̀wá pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ẹ yọ ọ́, ẹ rì í bọ omi tútù, kí ẹ sá a sí òjìji títí di ọjọ́ kejì. Tí ẹ bá jẹ́ kó pẹ́ nínú omi gbígbóná, ẹ ti sè é nìyẹn.

Kí ẹ tó lo irúgbìn ọjà, ẹ ka ogún sórí aṣọ tútù lọ́sẹ̀ kan ṣáájú. Tí èyí tó hù ò bá tó 14, ẹ fi kún ìwọ̀n tí ẹ máa fọ́n, tàbí kí ẹ wá òmíràn. NIHORT, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń ṣèwádìí nípa ẹ̀fọ́ àti igi eléso, wà ní Ìdí-Ìṣin níbẹ̀, ẹ lọ béèrè irúgbìn àti ọmọ igi lọ́wọ́ wọn.

Ewúro ni kí kálukú gbé lọ sílé. Igi rẹ̀ tó ti gbó, gígùn sẹ̀ǹtímítà 25 sí 30, kó ní ojú mẹ́ta ó kéré tán. Ẹ rì í wọlẹ̀ ní ìdajì, kó dàgẹ̀rẹ̀ díẹ̀. Ẹ ṣọ́ ọ kí wọ́n má fi orí rẹ̀ sísàlẹ̀! Ẹ fi àdá gé ìsàlẹ̀ ní ṣóńṣó, ẹ gé òkè ní pẹrẹsẹ, kò sẹ́ni tó máa ṣì í.

Tí kòkòrò bá ń ká ewé tẹ̀tẹ̀ pọ̀ tó sì ń fi òwú dì í, ẹ fi ọwọ́ ṣa á. Tó bá pọ̀ ju ọwọ́ lọ, ẹ gún kílò kan ewé dóńgóyárò, ẹ rẹ ẹ́ sínú lítà omi márùn-ún di ọjọ́ kejì, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ fi ọṣẹ díẹ̀ sí i, kí ẹ fín in nírọ̀lẹ́. Oòrùn ń ba agbára rẹ̀ jẹ́. Ọ̀tapíápíá kò gbọdọ̀ kan ẹ̀fọ́ tí èèyàn máa jẹ, mi ò rí àyè àwàdà nínú ìyẹn.

Baba Onígi

Kí n sọ̀rọ̀ igi. Ọdán, ìrókò àti máńgòrò ò yẹ ẹ̀gbẹ́ fẹ́ǹsì rárá. Tí ẹ bá fẹ́ máńgòrò dandan, ẹ fún un ní ẹsẹ̀ bàtà 30 sí ilé àti sọkawéè, ìyẹn ni pé ọ̀kan ṣoṣo ni ilẹ̀ yín lè gbà, ní apá tó jìnnà sí gbọ̀ngàn, kó má sì sún mọ́ fẹ́ǹsì. Àgbálùmọ̀ náà ń di igi ńlá. Èyí tí wọ́n bá gbin èso rẹ̀ sì máa ń pẹ́ gan-an kó tó so, ẹ ra èyí tí wọ́n ti lọ́ (ìyẹn èyí tí wọ́n so ẹ̀ka igi tó ti ń so mọ́ ìdí ọmọ igi míì). Gúrófà, ọsàn àti ìbẹ́pẹ ló yẹ ẹ̀gbẹ́ ilé.

Ìbẹ́pẹ dára fún ẹ̀kọ́ torí ó yá. Ara irúgbìn rẹ̀ ń yọ̀. Nǹkan yíyọ̀ yẹn ni kì í jẹ́ kó tètè hù. Ẹ fi eérú tàbí iyanrìn ra á kúrò, ẹ ṣan án, ẹ sá a sí òjìji. Mẹ́ta ni kí ẹ gbìn sójú kan, torí akọ àti abo wà, ẹ ò sì lè dá wọn mọ̀ ní kékeré. Nígbà tó bá tanná, bí oṣù mẹ́rin sí mẹ́fà, òdòdó akọ á máa rọ̀ dirodiro lórí okùn gígùn, ti abo á lẹ̀ mọ́ ara igi. Ẹ gé akọ, kí ẹ fi ọ̀kan sílẹ̀ nínú gbogbo ọgbà. Ibi tí omi bá ń dúró sí kò gba ìbẹ́pẹ, ìdí rẹ̀ á rà.

Ihò igi: ẹsẹ̀ bàtà méjì ní fífẹ̀, méjì ní jíjìn. Ẹ ya ilẹ̀ òkè sọ́tọ̀ sí ti ìsàlẹ̀. Ẹ po ilẹ̀ òkè mọ́ bókẹ́ẹ̀tì méjì ìgbẹ́ màlúù tó ti jẹrà, òun ni kí ẹ dá padà sídìí gbòǹgbò. Ẹ ya náílọ́ọ̀nù tí ọmọ igi wà nínú rẹ̀ kúrò pátápátá. Igi tí wọ́n gbin tòun ti náílọ́ọ̀nù ń fi gbòǹgbò yí ara rẹ̀ ká, kò sì ní dàgbà dáadáa fún ọdún púpọ̀. Ojú ibi tí wọ́n ti lọ́ ọ gbọ́dọ̀ wà lókè ilẹ̀. Ẹ fi koríko gbígbẹ bo ìdí rẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó jìn sí ara igi tó ìbú àtẹ́lẹwọ́ méjì, pàápàá lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, torí ikán. Sátidé kẹrin ni kí ẹ gbìn ín, òjò á ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, gbòǹgbò á sì ti rìn jìnnà kí ọyẹ́ tó dé.

Tí ìṣin bá wà ládùúgbò, ẹ fi hàn àwọn ọmọ: èyí tí kò bá tíì là fúnra rẹ̀ lórí igi, májèlé ni. Wọn ò gbọdọ̀ fi ọwọ́ là á.

Ẹyẹ Oko

Akọ̀wé, ẹ má lé òwìwí yẹn. Eku ló ń jẹ lóru, eku náà ló sì ń fa ejò wá. Bí ẹ bá lé e, eku á pọ̀ sí i, àwọn tó ń bẹ̀rù ejò ló máa jìyà rẹ̀. Ẹ má sì fi májèlé eku síbẹ̀, torí òwìwí tó bá jẹ eku tó ti jẹ májèlé lè kú pẹ̀lú.

Ejò kì í tìtorí ẹ̀fọ́ wá. Ibi ìsápamọ́ àti oúnjẹ ló ń wá: òkìtì búlọ́ọ̀kù, igi ìdáná, koríko gíga. Ẹ jẹ́ kí àyíká bẹ́ẹ̀dì mọ́ kedere, kí ẹ gbé kọ́ḿpọ́ọ̀sì jìnnà sí ilẹ̀kùn, kí ẹnikẹ́ni má ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ láìkọ́kọ́ fi ọkọ́ tú u. Kí gbogbo wọn wọ bàtà tó bo ẹsẹ̀. Bí ó bá bu ẹnikẹ́ni jẹ, ẹ má sín in ní gbẹ́rẹ́, ẹ má fi okùn so ó le, ẹ má jẹ́ kó rìn. Ọsibítù ni kí ẹ gbé e lọ kíá.

Alángbá àti ọ̀pọ̀lọ́, ẹ fi wọ́n sílẹ̀, kòkòrò ni wọ́n ń jẹ. Ẹ lè gbé àwo pẹrẹsẹ omi kan sábẹ́ òjìji fún ẹyẹ àti ọ̀pọ̀lọ́, ṣùgbọ́n ẹ máa da omi náà nù lọ́jọ́ méjì méjì, torí ẹyin ẹ̀fọn lè di ẹ̀fọn láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ìgbín ń jẹ ọmọ ewéko. Òwúrọ̀ kùtùkùtù ni kí ẹ ṣa á, ẹ sì mọ ohun tí ẹ ó fi ṣe. Ẹ má da iyọ̀ yí bẹ́ẹ̀dì ká, ilẹ̀ lẹ ń bàjẹ́ yẹn.

Tata ni kí ẹ fiyè sí nígbà tó bá yá. Ní nǹkan bí oṣù kẹwàá sí ìkọkànlá, àwọn ọmọ rẹ̀ dúdú máa ń wọ́ jọ sórí ewé kan, pàápàá ewé Akíntọ́lá. Láàárọ̀, kí oòrùn tó mú, ẹ gbọn wọ́n sínú bókẹ́ẹ̀tì omi ọṣẹ. Tí wọ́n bá ti túká, ó ti bọ́.

Akọ̀wé Àdúgbò

Ẹ ṣeun púpọ̀, kò ní rẹ̀ yín o. Ọ̀kan ló kù: a ò lówó láti ra náílọ́ọ̀nù nọ́sìrì fún ìbẹ́pẹ. Ṣé náílọ́ọ̀nù píọ́ọ̀ wọ́tà lè ṣe é?

Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́

Ó ṣe é dáadáa fún oṣù kan sí méjì. Ẹ gé etí kan kúrò, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ fi ìṣó lu ihò mẹ́fà sísàlẹ̀ rẹ̀. Ihò méjì kì í tó. Ìdá méjì ilẹ̀ òkè, ìdá kan ìgbẹ́ adìyẹ tó ti jókòó, ìdá kan iyanrìn. Irúgbìn méjì sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fa èyí tó bá jẹ́ aláìlera kúrò. Ẹ tò wọ́n mọ́ra wọn sínú páálí kí wọ́n má bàa ṣubú. Ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn kí ẹ tó gbé wọn lọ sínú ilẹ̀, ẹ máa ṣí wọn sí oòrùn díẹ̀díẹ̀, torí èyí tó bá ti inú òjìji bọ́ sínú oòrùn ọ̀sán gangan, ewé rẹ̀ á jó.