Wọ́n ní kí n má kọrin mọ́ nítorí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Ìbejì: Ẹ káàárọ̀ o ẹ̀yin ará. Inú ló ń bí mi, ẹ má wo bó ṣe gùn. Èmi ni akápò kọ́yà wa, èmi ni mo lọ ra léèsì ìkórè ní Gbági nínú òòrùn, owó ọkọ̀ gan-an àpò mi ló ti jáde. Sístà kan gba tiẹ̀, ó rán an, ó tiẹ̀ ti wọ̀ ọ́ lọ síbi ìgbéyàwó, kò san kọ́bọ̀. Mo bi í lẹ́yìn ìdánrawò, ó ní ṣé owó yẹn ló máa pa mí ni. Mo dá a lóhùn, ni wọ́n bá ní kí n lọ jókòó sẹ́yìn fún oṣù mẹ́ta, èmi tí mò ń lé orin fún wọn! Ṣé kí n kúrò ní ìjọ yẹn ni?

Brọ́dà Jídé: Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ajẹgbèsè ni wọ́n sábà máa ń gbè lẹ́yìn. Kí lẹ sọ fún un gan-an?

Màmá Tómi: Ó ṣe èmi náà rí, àdìrẹ ẹgbẹ́ obìnrin, àwọn kan ò san títí dòní, tí wọ́n bá ti wọ̀ ọ́ wá màá kàn máa wò wọ́n ni.

Alàgbà: Ẹ fi owó sílẹ̀ ná. Mátíù 12:34, nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ohun inú ni ẹnu ń sọ. Ìbínú kì í dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀, èyí tó ti wà níbẹ̀ ló ń tì jáde.

Ìyá Ìbejì: Bàbá, ọkàn mi mọ́, ẹnu mi ló yá. Mi ò kì í di èèyàn sínú.

Sístà Bùnmi: Jákọ́bù 3 ní orísun kan kì í sun omi dídùn àti kíkorò o. Ẹ lọ bẹ̀ ẹ́.

Brọ́dà Jídé: Ẹ̀yin náà ò bú kọ̀ńdọ́ rí? Obìnrin yìí ò tíì sọ ohun tó sọ, ẹ ti ń wàásù.

Ìyá Ìbejì: Mo ní abájọ tí oyún ò fi dúró lára ẹ̀. Irọ́ kọ́, mi ò pa á mọ́ ọn.

Màmá Tómi: Yéè! Ta ló sọ fún yín?

Ìyá Ìbejì: Òun náà ni, níbi àdúrà òru, ó ní kí n máa bá òun gbà á ládùúrà. Ṣùgbọ́n ẹ tún ti kúrò lórí owó mi.

Brọ́dà Jídé: Mo kó ọ̀rọ̀ mi jẹ.

Alàgbà: Ohun tó fi sábẹ́ àdúrà lẹ sọ lù ú lójú gbogbo kọ́yà, ẹ tún ní ẹ kì í di èèyàn sínú. Ẹ lọ bá a nílé, kì í ṣe lórí fóònù. Ẹ má dárúkọ aṣọ níbẹ̀ rárá, kí adarí kọ́yà bá yín gba owó.

Ìyá Ìbejì: Tí mo bá délé ẹ̀ tí ò ṣílẹ̀kùn ńkọ́? ₦18,000 ni o.

Màmá Tómi: Ẹ gbàgbé owó yẹn jàre, tèmi náà ò wọlé mọ́.