Èsì: nóòtì lọ́fíńdà àti ẹlẹ́rìndòdò eléwé

Ẹ kú ìjíròrò o, ẹ̀yin ará.

Àbúrò wa tó ń túmọ̀ àpèjúwe lọ́fíńdà kan béèrè ọ̀rọ̀ méjì: kí la ó pe ẹlẹ́rìndòdò tí wọ́n fi ewé orí òkè Alps ní Yúróòpù ṣe, tí wọ́n ní òórùn rẹ̀ ni wọ́n wò po lọ́fíńdà náà? Kí sì ni “nóòtì” lọ́fíńdà, ìyẹn àwọn òórùn tí imú ń gbọ́ tẹ̀ léra nínú rẹ̀? Ẹ̀gbọ́n kan dá a lóhùn: “àgbo aládùn” àti “ìpele òórùn”. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, méjèèjì ò wọ̀ mí létí.

Bí mo bá ní mo ń mu àgbo, ẹ ó kọ́kọ́ bi mí pé kí ló ń ṣe mí. Almdudler, ẹlẹ́rìndòdò ilẹ̀ Austríà tí àbúrò fi ṣe àpẹẹrẹ, kì í lé ibà. Erwin Klein ló gbé e jáde ní Vienna lọ́dún 1957. Wọ́n ní oríṣi ewé 32 ló wà nínú rẹ̀, ṣúgà wà níbẹ̀, ó sì ń hó. Àwọn ará Austríà ń fi í ti oúnjẹ, àwọn mìíràn a sì da wáìnì funfun mọ́ ọn. “Ẹlẹ́rìndòdò eléwé” ti tó o.

Nóòtì gan-an ni mo wá bá. Ọ̀dọ̀ àwọn olórin làwọn apo-lọ́fíńdà ti yá ọ̀rọ̀ yìí. Septimus Piesse, tó ń po lọ́fíńdà ní London ní nǹkan bí àádọ́jọ ọdún ó lé sẹ́yìn, to àwọn òórùn bí ẹni to dò, rẹ̀, mí. Àfiwé lásán nìyẹn jẹ́ fún òyìnbó, torí nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, imú kì í gbọ́ nǹkan. Tiwa ńkọ́? “Ṣé o gbọ́ òórùn ẹ̀fọ́ yẹn?” Ta ló ń fìyẹn rẹ́rìn-ín? Àwa tó ti ń gbọ́ òórùn látọjọ́ pípẹ́, kí la tún ń wá “ìpele” kiri fún, bí ẹni ń to aṣọ sínú àpótí? Ohùn ni ká pè é.

Ẹ tún wò ó: mẹ́ta làwọn apo-lọ́fíńdà pín in sí, mẹ́ta náà sì ni ohùn èdè wa. Ohùn òkè lèyí tí imú kọ́kọ́ gbọ́, irú òórùn lẹ́mọ́ọ̀nù, tí kì í pẹ́ fò lọ. Ohùn àárín lèyí tó tẹ̀ lé e, níbi tí ewé àti egbò kíkorò wà. Ohùn ìsàlẹ̀ sì ni oje igi àti koríko tí oòrùn ti sá gbẹ, tó ṣì máa wà lára aṣọ lọ́jọ́ kejì.

Ẹnì kan lè sọ pé wọ́n á ka “ohùn òkè” sí ohùn tó ń ti orí òkè Alps bọ̀. Kò burú! Nínú orúkọ Almdudler, Alm ni pápá orí òkè níbi tí màlúù ti ń jẹko nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, dudeln sì ni kéèyàn máa kọrin bí àwọn darandaran ibẹ̀. Orin wà nínú orúkọ ẹlẹ́rìndòdò náà tẹ́lẹ̀.

Ìṣòro tó kù ni ewé láfẹ́ńdà tó wà nínú àpèjúwe náà. Ara orúkọ rẹ̀ la ti fa “lọ́fíńdà” yọ, tá a wá ń pe gbogbo òórùn inú ìgò bẹ́ẹ̀. Àbúrò, má kọ “lọ́fíńdà tó ní lọ́fíńdà nínú” o. “Òórùn tó ń dán” tó o kọ náà, ojú ló ń rí dídán. Èmi ì bá kọ ọ́ báyìí:

“Ohùn òkè rẹ̀ ń hó bí ẹlẹ́rìndòdò eléwé tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí, láfẹ́ńdà àti egbò kíkorò gbà á ní àárín, koríko gbígbẹ ló gbẹ̀yìn, ní ohùn ìsàlẹ̀.”